Ta ló fọwọ́ kan tábílì yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Tanke níbí ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó dátábéèsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tí a tò sínú àwọn tábílì, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ MySQL la fi ń ṣe é. Ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, àwọn ìyá ti tò sẹ́nu ọ̀nà wọ́n fẹ́ gbowó, ni ápù bá ní òun ò rí kọ́lọ́ọ̀mù (òpó kan nínú tábílì) tó ń jẹ́ phone. Mo wo tábílì, phone_no ni mo bá níbẹ̀. Ẹnì kan ti yí i lóru, a bèèrè títí, kálukú ní òun kọ́. Mo dá a padà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ torí mi ò mọ nǹkan míì tí onítọ̀hún tún fọwọ́ kàn, ìyá kan tó ti Malete wá sì ti dúró láti àárọ̀ kí n tó bá a ṣe é tán. Àtìgbà yẹn Flyway, irinṣẹ́ tó ń bá wa yí dátábéèsì padà, la ń lò, inú fáìlì la máa ń kọ ìyípadà sí, á wá kọ ọjọ́ àti ẹni tó ṣe é sínú tábílì flyway_schema_history, téèyàn bá lọ tún fáìlì àtijọ́ kọ, checksum, nọ́ńbà tó fi ń dá fáìlì mọ̀, ò ní bára mu mọ́, á yarí. ALTER kan (àṣẹ tó ń yí tábílì padà) ni mò ń fi sínú fáìlì kan o, torí MySQL kì í dá èyí tó ti ṣe padà tí ìyókù bá kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú ọjọ́ yẹn. Ọ̀ffà lèmi wà. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tó yí tábílì láìlo fáìlì, Flyway ò ní kọ tiẹ̀ sílẹ̀. Postgres, ètò dátábéèsì míì, lèmi ń lò, ó ti ní event trigger, ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá yí tábílì padà, láti ọdún 2013, mo ní kó máa kọ orúkọ ẹni tó bá yí nǹkan padà sínú tábílì kan, àṣé orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi ń wọlé, postgres, postgres ló kún ibẹ̀ bámúbámú! Mo ní láti ṣí orúkọ fún kálukú. Ohun tí wọ́n bá yọ kúrò náà ò hàn, àfìgbà tí mo fi sql_drop, èyí tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n yọ, kún un.

O ṣé àbúrò mi. MySQL ò ní irú ẹ̀, mysqldump --no-data, àṣẹ tó ń kọ bí tábílì ṣe rí jáde láìsí àkọsílẹ̀ inú ẹ̀, ni mò ń ṣe lálaalẹ́, mo sì ń fi wé ti àná nínú Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì àtijọ́. AUTO_INCREMENT, tó ń fún ìlà tuntun ní nọ́ńbà, kọ́kọ́ dà mí láàmú, nọ́ńbà ẹ̀ ń yí lójoojúmọ́ bíi pé tábílì ló yí, mo fi sed, àṣẹ tó ń tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì ṣe, gé e dànù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun kan níbẹ̀ láago méje àárọ̀, a ti yanjú ẹ̀ kí ìyá kankan tó dé.