Jíìpù gbá àbúrò mi láti ẹ̀yìn lórí ọ̀kadà, onímọ́tò ní ká wá sáìn, ṣé ká sáìn?

ỌmọÌwóRoad:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi ọkùnrin ń gun ọ̀kadà n'Ìbàdàn níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fẹ́ já èrò sílẹ̀ ní Ìwó Road, ó ti ń rọra dúró ni jíìpù kan bá gbá a láti ẹ̀yìn, èrò tó gbé já lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun fò síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún kán. Ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ní ká sanwó ná kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, la bá tún sáré gbé e lọ síbòmíì. Ní báyìí onímọ́tò ti gbé 250,000 náírà wá sí téṣàn, ó ní ká gbà á ká sáìn pé ọ̀rọ̀ ti parí, a ò ní pe òun lẹ́jọ́. Ó ní àbúrò mi ló jẹ̀bi torí iná bíréèkì ọ̀kadà ò tàn, kò sì dé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́ kò dé e, páátíkúlà ẹ̀ náà ti ẹ̀sípáyà. Màmá wa ní ká gba owó yẹn torí ọsibítù ń béèrè owó lójoojúmọ́, ọkàn tèmi ni ò gbà á.

LóyàÌkẹjà:
Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Ẹ má tíì sáìn nǹkankan o! Ẹsẹ̀ tó kán, kò sẹ́ni tó tíì mọ iye tó máa gbà, bóyá wọ́n máa fi irin sí i, bóyá ó ṣì máa lè gun ọ̀kadà, tẹ́ ẹ bá sì ti kọ ọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí, ìwé yẹn gan-an ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́ lọ́la. Tí onímọ́tò bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó lọ sanwó fún ọsibítù fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí i pé owó ìtọ́jú ni.

Ẹni tó wà lẹ́yìn ló yẹ kó fi àyè sílẹ̀ tó máa lè fi dúró. Tí iná ò bá tàn, adájọ́ lè yọ díẹ̀ nínú owó tó yẹ kí àbúrò yín gbà, àmọ́ ìyẹn ò sọ onímọ́tò di aláìjẹ̀bi. Ti hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, orí ló wà fún, ẹsẹ̀ ló kán. Páátíkúlà tó ẹ̀sípáyà ní fáìnì tiẹ̀, òun kọ́ ló fa àsìdẹ́ǹtì.

Ẹ gba ìwé ìǹṣọ́ránsì jíìpù yẹn lọ́wọ́ IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. 15,000 náírà ni tọ́ọ̀dù páátì, ìǹṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni tí mọ́tò bá gbá, fún mọ́tò àdáni láti January 2023. Mílíọ̀nù 3 náírà tí wọ́n ń dárúkọ pé ó pọ̀ jù tí ìǹṣọ́ránsì yẹn máa san, dúkìá ló wà fún, bí ọ̀kadà yín, ti ara èèyàn yàtọ̀. Fèèkì pọ̀ níta, ẹ tẹ *565*11# kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò wò ó. Èrò náà lẹ́tọ̀ọ́ tiẹ̀ o, ẹ wá a kàn.

Ọsibítù àkọ́kọ́ yẹn dùn mí gan-an. Òfin ìlera ti 2014 ti sọ ọ́, ẹni tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì, fáìnì 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì.

Nọ́ọ̀sìÀdùkẹ́:
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa ara, torí owó nìkan lẹ ń sọ. Tí wọ́n bá gbá ọ̀kadà láti ẹ̀yìn, kò sí ibi ìfẹ̀yìntì tó máa gba ẹ̀yìn èèyàn dúró, orí á já sẹ́yìn kó tó já síwájú, ọrùn àti eegun ẹ̀yìn ló ń jìyà ẹ̀. Ṣé wọ́n ti ya ẹ́síréè ọrùn? Ṣé ó ń bì, ṣé ó ń sùn jù, ṣé orí ń fọ́ ọ? Orí lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú kẹ́ni náà sì máa bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa fún wákàtí mélòó kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èrò náà pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn lọ sọ́dọ̀ teguntegun torí owó, tí wọ́n bá dì í le jù ẹ̀jẹ̀ ò ní lọ mọ́, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù tàbí tó ń dúdú, kẹ́ ẹ sáré.

AlábíMẹkáníìkì:
Ẹ má tún ọ̀kadà yẹn ṣe o, kí VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò, wò ó ná. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan ló ń tan iná ẹ̀yìn, ṣíwíìṣì tọwọ́ ti já tipẹ́. Téèyàn bá sì já jíà láti fi dúró, kò sí iná tó máa tàn rárá, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ̀. Ẹ ya fọ́tò gílóòbù iná ẹ̀yìn yẹn kó tó sọnù ní téṣàn.

ỌmọÌwóRoad:
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ti ya ọrùn, kò sí nǹkankan, orí ni mo máa ní kí wọ́n tún wò lónìí. A ò sáìn. Àmọ́ a ò lówó lóyà, ìgbà wo ló sì pẹ́ jù tá a lè pe ẹjọ́ náà dà?

LóyàÌkẹjà:
Legal Aid Council ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn, ẹni tówó ẹ̀ ò tó nǹkan ò ní sanwó. Ní ti àkókò tẹ́ ẹ lè fi pẹjọ́, l'Ékòó níbí ọdún 3 ni, ẹ bi wọ́n léèrè ti Ọ̀yọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà jíìpù yẹn, tó bá jẹ́ mọ́tò ìjọba ni, oṣù 3 péré lẹ ní.