Ìfohùnṣọ̀kan tàbí àìtakò?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa tí ó dábàá pé kí a fi “ìfohùnṣọ̀kan” túmọ̀ consensus, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń gbà ṣe ìpinnu níbi ìpàdé àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó sì ti pẹ́ nínú èdè wa, ṣùgbọ́n mo tọrọ àyè láti yapa.

Bí a bá ní àwọn ènìyàn fohùn ṣọ̀kan, ohun tí a gbọ́ ni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́. Ẹ wo ìpàdé náà ní Glasgow ní ọdún 2021. Ìwé ìpinnu tí ó wà nílẹ̀ sọ nípa fífi òpin sí iná mànàmáná tí a ń fi edú ṣe díẹ̀díẹ̀, àfi bí Íńdíà ṣe dìde nígbà tí ìpàdé ń parí lọ, tí ó ní kí wọ́n kọ “dídín kù” dípò “fífi òpin sí”. Inú aṣojú Switzerland bàjẹ́, ó sì sọ ọ́ síta. Aṣojú Erékùṣù Marshall, tí òkun ń halẹ̀ mọ́ ilẹ̀ wọn, ní àwọn kò fẹ́ gbà, àwọn kàn gbà ni. Alok Sharma tí ó jẹ́ alága tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ sì há a lọ́fun. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó dènà rẹ̀, ó sì di ìpinnu. Ohùn ta ni ó ṣọ̀kan níbẹ̀?

Láti ìpàdé àkọ́kọ́ ní Berlin ní ọdún 1995 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, kò ti rí òfin ìdìbò fọwọ́ sí. Ohun tí ó kù fún wọn ni kí ẹnikẹ́ni má takò. Nítorí náà, “àìtakò” ni mo dábàá: “Wọ́n fi àìtakò gba ìpinnu náà.” Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lórí rédíò yóò mọ̀ pé ìdákẹ́ wà nínú rẹ̀, kò sì ní rò pé gbogbo ayé ti fẹ́ ohun kan náà. (“Ìfẹnukò” ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: ìpinnu fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀.)

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fi Cancún bi mí. Ní ọdún 2010, Bòlífíà takò ní gbangba, síbẹ̀ Patricia Espinosa ará Mẹ́síkò, tí ó ń darí ìpàdé, kéde pé ìpinnu ti fìdí múlẹ̀. Ó ní òfin consensus kò fún orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ní agbára láti dá gbogbo ìyókù dúró. Ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ìfohùnṣọ̀kan yẹ̀ jù ú lọ, àti pé ohun tí Bòlífíà ń ráhùn sí gan-an ni pé wọ́n rú òfin nígbà tí òun ṣì ń takò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò gba Glasgow àti Cancún pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá kí a tó kọ èyí sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.