Wọ́n dín ṣíìfù kù, HR sì ń pín fọ́ọ̀mù: kí ni kí òṣìṣẹ́ ṣe?

ỌmọSángoỌ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ní agbègbè Ọ̀tà. Ṣíìfù mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì. Ófátáìmù ti dúró. Ní báyìí HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ń pín fọ́ọ̀mù: ẹni tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kó buwọ́ lù ú, wọ́n á fún un ní owó oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá àgbà ní kò séwu, kí ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀.

Kí ni èèyàn lè fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá? Ṣé kí súpáfáísọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn? Bésíìkì rẹ̀ ₦85,000, owó ilé ₦30,000, owó ọkọ̀ ₦25,000. Ó tún jẹ alájẹṣẹ́kù ní ₦300,000.

ÌdíẸ̀rọ

Ṣíìfù tó dín kù nìkan kò tíì tó ẹ̀rí. Láti June 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá iye tirẹ̀ lọ́jà, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦470 tó fi sún mọ́ ₦1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ àlìkámà òkè òkun ní láti dín ọwọ́ kù kó má baà kógbá wọlé. Àwọn ńláńlá kan kógbá wọlé lóòótọ́: GSK tó ń ṣe oògùn kéde tirẹ̀ ní August 2023, Procter & Gamble náà kéde ní December ọdún yẹn pé àwọn ò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, kíkó wọlé ló kù.

Sítọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò. Ìyẹ̀fun àti ṣúgà, wọ́n lè rà á lónìí kó dé lọ́la. Àmọ́ ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ bisikíìtì sí, tó máa ń wà ní rọ́ọ̀lù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń gbà, kò sì ní tẹ díẹ̀ fún yín, torí owó àtitò ẹ̀rọ rẹ̀. Bí rọ́ọ̀lù oríṣi kan bá ń tán lọ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè òmíràn, wọ́n ti pinnu lórí oríṣi yẹn, wọn ò tíì sọ fún yín ni. Ẹ tún wo láìnì: bí wọ́n bá ti ń tú bẹ́ríìnì àti mọ́tò kúrò lára láìnì kejì láti fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe, ẹ má retí pé láìnì kejì máa padà ṣiṣẹ́ láìpẹ́. Kẹ́ ẹ wá bá ẹni tó wà ní géètì sọ̀rọ̀ nípa lọ́rì ìyẹ̀fun. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń dúró kí álẹ́ẹ̀tì owó wọlé kó tó tú tapólì, a jẹ́ pé ẹni tó ń tà fún wọn ò fún wọn láwìn mọ́. Ní tèmi, ìyẹn burú ju ṣíìfù lọ fíìfíì.

Bí ẹ bá rí méjì nínú rẹ̀, ẹ máa múra. Bó bá jẹ́ ṣíìfù nìkan, ó lè jẹ́ pé ọjà ni kò yá.

OníṣiròAbẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ dáadáa, èyí tó tètè máa ń fara hàn jù ló kù: owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí owó bá wọ́n ilé iṣẹ́, owó oṣù kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró, torí ariwo á sọ lọ́jọ́ kejì. Owó tó ń lọ sọ́dọ̀ PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ni, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní ó kéré tán kí òṣìṣẹ́ dá 8%, kí ilé iṣẹ́ dá 10%, lórí bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ pa pọ̀. Ti ẹni yìí jẹ́ ₦140,000. Ìyẹn ₦11,200 láti ọwọ́ rẹ̀, ₦14,000 láti ọwọ́ wọn: ₦25,200 lóṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó oṣù bá jáde ni wọ́n ní láti fi san án. Kó gba statement RSA rẹ̀, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, lọ́wọ́ PFA, kó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ payslip, kó máa fi ìka tọ́ ọ lóṣooṣù.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ. Nígbà mìíràn payslip á ní àwọn ti yọ ₦11,200, statement ò ní nǹkan kan. Nígbà mìíràn owó oṣù mẹ́rin á já wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń fi owó yín gbọ́ bùkátà kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ̀kẹta ni mo kórìíra jù: wọ́n á máa san án déédéé, àmọ́ lórí bésíìkì nìkan. 18% nínú ₦85,000 jẹ́ ₦15,300, ₦9,900 ti sọnù lóṣooṣù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Kó ya àwòrán ìwé méjèèjì, kó kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Owó ìtanràn tó wà lórí èyí tí wọn ò san kò gbọ́dọ̀ dín sí 2% lóṣù. Inú iṣẹ́ ni kó wà tó bá máa ṣe èyí. Ẹni tó ti jáde, HR kì í gbé fóònù rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá bọ́, ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tí kò rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin lè gba tó 25% nínú RSA rẹ̀. Bó bá ní ₦1,600,000 níbẹ̀, ₦400,000 nìyẹn. Yálà wọ́n dá a dúró tàbí òun ló fiṣẹ́ sílẹ̀, kò yàtọ̀. Àmọ́ oṣù mẹ́rin yẹn gbọ́dọ̀ pé, kó má fi owó yìí ṣètò oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́.

Agbẹjọ́ròÒṣìṣẹ́

Kó má tíì buwọ́ lù ú.

Abala 20 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé èèyàn ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye èèyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n bá ti gbé ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeégbáralé yẹ̀ wò. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sapá láti fẹnu kò lórí owó tí wọ́n máa san. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án, ìlànà yẹn ń gbè é. Fọ́ọ̀mù yìí ló máa yọ ọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, torí bó bá ti buwọ́ lù ú, wọ́n á ní òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Òfin kò dá iye kan. Inú ìwé àdéhùn tí ilé iṣẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣe ni iye wà, tàbí nínú handbook. Kó ṣí i síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ redundancy, ìyẹn dídá òṣìṣẹ́ dúró torí èèyàn ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé bésíìkì ni wọ́n kọ ni, àbí total emolument, ìyẹn gbogbo owó tó ń gbà lóṣù? Bí ìwé bá ní oṣù kan fún ọdún kan, ọdún mẹ́sàn-án lórí bésíìkì jẹ́ ₦765,000. Lórí gbogbo owó, ₦1,260,000 ni. Oṣù mẹ́ta tí HR ń fi lọ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ gbogbo owó ni wọ́n kà, kò ju ₦420,000 lọ.

Owó notice, ìyẹn owó àkókò ìkìlọ̀ kí iṣẹ́ tó bọ́, tún dá dúró lọ́tọ̀. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni òfin dá fún un, létà ìgbaniṣíṣẹ́ sì lè fún un jù bẹ́ẹ̀. Kó béèrè bóyá wọ́n ti ki notice àti líìfù tí kò lọ bọ inú oṣù mẹ́ta yẹn. Ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

ỌmọSángoỌ̀tà

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé Labour Act kan súpáfáísọ̀ ṣá? Ẹnì kan ní òṣìṣẹ́ kékeré nìkan ló wà fún.

Agbẹjọ́ròÒṣìṣẹ́

Ẹni yẹn ò parọ́. Abala 91 yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ aláṣẹ àti iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú kúrò. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe gan-an ni kóòtù máa wò, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí káàdì. Bó bá ń dúró ti ẹ̀rọ bíi ti àwọn yòókù, ó lè jàre. Bó bá ń fún èèyàn ní kúẹ́rì, tó ń buwọ́ lu líìfù, létà rẹ̀ àti àdéhùn ẹgbẹ́ àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ni kó gbára lé. Ní ìdí oúnjẹ àti ohun mímu, FOBTOB ni ti àwọn àgbà, NUFBTE ni ti àwọn kékeré, ìwé àdéhùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kó wo èyí tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lórí payslip. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ báyìí ni National Industrial Court, ó wà ní Èkó, ó wà ní Ìbàdàn.

Gbangba

Agbẹjọ́rò, mo gbọ́ yín, àmọ́ ta ló máa san ₦765,000 yẹn? Bí ohun tí ÌdíẸ̀rọ sọ ní sítọ̀ bá jẹ́ òótọ́, ₦420,000 tó wọ àkáǹtì lónìí sàn ju ìdájọ́ ọdún mẹ́ta lọ. Bí ilé iṣẹ́ bá kógbá wọlé, báǹkì tó gba ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ṣe ìdúró ló máa kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

Agbẹjọ́ròÒṣìṣẹ́

Òótọ́ ni, mi ò bá yín jiyàn. Bó bá fẹ́ gbà á, kó dúnàá dúrà kó tó gbà. Kí wọ́n pe ìwé náà ní redundancy, kí wọ́n má pè é ní ìfiṣẹ́sílẹ̀. Kí wọ́n ya notice àti líìfù sọ́tọ̀ ní ìlà tiwọn. Kí wọ́n yọ gbólóhùn "full and final settlement" (pé wọ́n ti san gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán) kúrò bí gbèsè PFA bá ṣì wà nílẹ̀. Owó kọ́kọ́ wọlé, bíírò tẹ̀ lé e.

ÌyáAlájẹṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé ₦300,000 yẹn o. Ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́, àmọ́ àdéhùn sábà máa ń jẹ́ kí HR yọ gbogbo ohun tó kù lẹ́ẹ̀kan nínú owó ìkẹyìn. Kó lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ báyìí, kó gba ìwé iye tó fi pamọ́ àti iye tó jẹ. Bó bá ní ₦180,000 nípamọ́ tí wọ́n sì gbà kó fi dí i, ₦120,000 ló kù. Bí kò bá ṣe é, ọrùn àwọn onídùúró rẹ̀ ni gbèsè máa bọ́ sí, àwọn náà sì lè wà lára àwọn tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kó má yá òmíràn, pàápàá ti orí fóònù.

HMO, ìyẹn ètò ìtọ́jú ìlera tilé iṣẹ́ ń san, kì í pẹ́ tẹ́ ẹ bá ti jáde. Eyín tó ń dun ọmọ, awò ojú ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tíì yẹ̀ wò, oṣù yìí ni kí wọ́n lọ. Kó kó ẹ̀dà létà ìgbaniṣíṣẹ́, létà ìgbéga àti payslip oṣù méjìlá sílé, kó má fi wọ́n sínú í-meèlì ilé iṣẹ́, torí wọ́n máa ń tì í pa kí létà ìdádúró tó dé ọwọ́ èèyàn. Bí owó ilé rẹ̀ bá máa pé láàárín oṣù mẹ́fà, òun ni kó kọ́kọ́ kà kó tó ka oúnjẹ, torí kò ṣeé san díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù.

Àwọn kan á sọ fún un pé NSITF máa san nǹkan. Ti ẹni tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn nídìí iṣẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ỌmọSángoỌ̀tà

Ẹ ṣé púpọ̀, mà, ẹ ṣé, sà. Statement RSA la máa kọ́kọ́ béèrè.