Péńdúlọ́ọ̀mù: ṣé máàkì g yóò lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà fisíìsì. Àwọn ọmọ SS3 kan ní Adó-Èkìtì ń fi ìdáhùn wéra lẹ́yìn ìdánwò, ni ariwo bá sọ. Wọ́n fi péńdúlọ́ọ̀mù (irin róbótó tí a so mọ́ okùn) wá g, ìyárasí tí òòfà ilẹ̀ ń fún nǹkan. Gbogbo wọn ka lílọ-bọ̀ 20, wọ́n fi 20 pín àkókò rẹ̀ kí wọ́n tó rí T (àkókò lílọ-bọ̀ kan), wọ́n wá ya T² sí L (gígùn láti ibi tí a so okùn mọ́ dé àárín irin náà). Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn wọ̀n okùn dé orí irin róbótó náà nìkan, kò wọ̀n ọ́n dé àárín rẹ̀. Ìlà tirẹ̀ kò gba òdo kọjá. Ìlà náà gé ọ̀pá T² ní 0.04, torí 1 cm tí ọmọ náà fò. Síbẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ 4.0, g (4π² tí a fi ìdagẹ̀rẹ́ pín) sì jẹ́ 9.87 m/s². (Ẹni tó fi cm ṣe é tó bá 987 ò jẹ̀bi, tó bá ti kọ cm/s² sí i.) Ṣé ìwọ̀n L nìkan ni wọ́n máa gé máàkì rẹ̀, àbí g náà á bá a lọ?