Níbo la ó ti rí olùkọ́ tí yóò fi èdè Wélsì kọ́ ọmọ ní físíìsì?

Adébímpé (Cardiff): Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ti ń fi èdè Wélsì, èdè ìbílẹ̀ ilẹ̀ Wales níbí, kọ́ gbogbo iṣẹ́. Látìgbà tí olùkọ́ físíìsì wọn ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kò gbọ́ èdè náà ló ń di àlàfo rẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi Wélsì jíròrò ìdáhùn láàárín ara wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ojú tiyín ti rí?

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lọ́dọ̀ wa, kẹ́místìrì ni tiwa.

Olùkọ́ Ìṣirò: Ẹ̀yin ìyá wa, inú iṣẹ́ yìí ni mo wà. Ìbàdàn ni mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò. Ètò Cynllun Sabothol ló jẹ́ kí n kọ́ èdè Wélsì: ìjọba a sanwó fún ẹni tí yóò dúró dípò olùkọ́ nígbà tó bá lọ kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo padà dé, ẹlẹgbẹ́ mi kan a jókòó sẹ́yìn kíláàsì, a kọ gbogbo ibi tí mo ti yà sí Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, a ó sì jọ tún wọn sọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìbéèrè tí ọmọ bá ṣàdédé béèrè ló máa ń tú èèyàn fó.

Bàbá Àrẹ̀mú (Swansea): N kò gbà pé kíkọ́ àgbàlagbà ní èdè nìkan ni yóò yanjú rẹ̀. Láti 2017 ni ìjọba Wélsì ti ń lépa mílíọ̀nù kan ẹni tí yóò máa sọ èdè náà nígbà tó bá fi di 2050, ètò ìkànìyàn 2021 sì rí nǹkan bí 538,000. Ọmọ tó gbọ́ èdè láti ilé, tó sì mọ físíìsì, iṣẹ́ mìíràn ló ń bá lọ. Owó ìwúrí tó tó £5,000 wà fún ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ láti fi Wélsì kọ́ni ní girama, síbẹ̀ àlàfo náà kò dí.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, kì í ṣe owó nìkan o. Ọmọ àdúgbò wa kan gbọ́ Wélsì dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ka físíìsì ní yunifásítì, ẹ̀rù sì ń bà á láti fi Wélsì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ọmọ ogún. Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ Coleg Cymraeg Cenedlaethol sí pàtàkì, nítorí láti 2011 ni wọ́n ti ń ṣètò kí èèyàn lè fi Wélsì kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

Tìmílẹ́yìn (Ilé-Ifẹ̀): Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́fà níhìn-ín ní 1970, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ìwé ńkọ́ lọ́dọ̀ yín?

Olùkọ́ Ìṣirò: Ti Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Mo ti fi alẹ́ Sunday túmọ̀ ìbéèrè ìdánwò rí.

Adébímpé: Ẹ ṣeun. Ní ìpàdé òbí tó ń bọ̀, màá béèrè bóyá wọ́n lè rán olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan lọ sí Cynllun Sabothol.

Bàbá Àrẹ̀mú: Kí o béèrè pẹ̀lú, ọmọ mi, bóyá ẹni tí yóò dúró dípò rẹ̀ gbọ́ Wélsì.