Ṣé "ẹ̀dà" la fẹ́ máa pe pírìǹtì Munch ni?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá méjèèjì tó wà nílẹ̀, pé lédè Yorùbá, ká máa pe pírìǹtì àwọn oníṣẹ́ ọnà, ìyẹn àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, ní "ẹ̀dà àwòrán", kí iṣẹ́ àwọn symbolist, ìyẹn àwọn tó ń ya ohun tó wà lọ́kàn dípò ohun tójú ń rí, sì máa jẹ́ "àwòrán àrokò". Ọmọ Aláìsàn ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ, lítógíráàfù (àwòrán tí wọ́n ń fi òkúta tẹ̀) tí Edvard Munch ará Nọ́wè tẹ̀ ní Paris lọ́dún 1896. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, àmọ́ ti ẹ̀dà yẹn ló burú jù létí mi.

Ẹ̀dà kẹ̀? Ẹ̀dà sàtífíkéètì ni mo mọ̀, èyí tí wọ́n ń bá èèyàn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù fọtokópì. Tí nǹkan bá ti jẹ́ ẹ̀dà, a jẹ́ pé ojúlówó ẹ̀ wà níbì kan. Èwo wá ni ojúlówó níbí? Orí òkúta ni Munch ti fi kíráyọ̀n ọlọ́ràá yàwòrán, wọ́n á fomi rin òkúta náà, ibi tómi bá dúró sí ò ní gba ínkì, ibi ọ̀rá ni ínkì á dì mọ́, bí ẹ̀kọ ṣe máa ń dínà mọ́ aró lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí wọ́n tó wá tẹ bébà mọ́ ọn. Ẹ ò lè gbé òkúta yẹn kọ́ ògiri, wọ́n tiẹ̀ lè fọ̀ ọ́ kí wọ́n ya nǹkan míì sí i. Bébà tó jáde yẹn gan-an niṣẹ́ ọnà ọ̀hún. Munch àti Auguste Clot tó ń bá a tẹ̀ ẹ́ sì ń pààrọ̀ àwọ̀ ni ṣá, tí bébà kan ò fi jọ ìkejì. Èwo ni ẹ̀dà èwo?

Ẹnìkan máa ní ṣebí ó ti fi ọ̀dà kùn ún tẹ́lẹ̀, ní 1885 sí 1886. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ nínú ìyẹn, obìnrin kan wà tó dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Nínú ti 1896, obìnrin yẹn ti lọ, orí ọmọ ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Munch fi ọ̀dà kun àwòrán yìí láàárín nǹkan bí ogójì ọdún! Ikọ́ ife ló pa ìyá ẹ̀ ní 1868, ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà yẹn, ikọ́ yẹn náà ló tún pa Sophie ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní 1877, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó máa fi ya àwòrán náà Sophie ti kú tipẹ́, ọmọ míì tó ń jẹ́ Betzy Nielsen ló jókòó fún un. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé kì í ṣe ohun tóun ń rí lòun ń yà, ohun tóun ti rí ni. Àbí ẹ ò rí i pé àkọ́kọ́ pàápàá kì í ṣe ẹ̀dà ojú ẹnikẹ́ni?

Torí ẹ̀ náà ni "àrokò" ò fi bá mi lára mu. Ẹni tó fi àrokò ránṣẹ́ àtẹni tó gbà á ti jọ mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Nígbà tí Munch gbé ti àkọ́kọ́ jáde ní Kristiania, tó ń jẹ́ Oslo báyìí, bú ni wọ́n ń bú u. Kò bá ẹnì kankan ṣàdéhùn àmì. Mo fara mọ́ "àwòrán ojú inú".

Ní ti pírìǹtì, "àwòrán àtẹ̀" ni tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn tí kì í fàmì sọ́rọ̀ máa ní ó jọ àtẹ ọlọ́jà, ẹ yáa máa fàmì sí i. "Àtẹ̀jáde" ti di ti ìwé, "òǹtẹ̀" ti di ti gọ́ọ́mẹ́ǹtì. Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni Ọmọ Aláìsàn ti 1894, tí Munch fi abẹ́rẹ́ ha sórí irin pẹlẹbẹ kó tó tẹ̀ ẹ́. A máa ń fín igbá, ó yẹ kí "fín" wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nì kankan má dábàá "àfín", àwọn èèyàn ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.