Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: wọ́n gbé ìṣirò ka iwájú wa, wọ́n ní ká dìbò lé e lórí

Ẹ̀yìnlàárò:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹgbẹ́. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi fẹ́ gùn díẹ̀.

Wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín àwa ará ìlú, ó mú mi. Àwa ogójì ni wọ́n kó jọ pé ká dá sí ètò kan. Ìjọba fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ àárín ìlú ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti èéfín lè dín kù. Ní ìjókòó kejì, ọ̀gbẹ́ni kan gbé kọ̀ǹpútà wá, ó tan àwòrán sára ògiri. Ilà kan ń gòkè, òmíràn ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní mọ́dẹ́ẹ̀lì ọrọ̀ ajé, ìyẹn ìṣirò inú kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ, ti fi hàn pé èrè ètò náà tó ìlọ́po méjì ìnáwó rẹ̀. Mo béèrè pé lára ta ni owó náà máa ti dun jù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màámi, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì." Bí mo ṣe jókòó nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọ́n á ní ká dìbò. Mi ò lòdì sí ètò náà o, àwa náà là ń fa èéfín yẹn símú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ nawọ́ sókè fún ohun tí kò yé mi, mi ò sì ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé rí. Kí ni kí n béèrè?

Kò-ṣe-é-fipá-ṣe:
Ìyá wa, ẹ má dara yín láàmú. Wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé. Fọ́tò ni wọ́n pè yín wá yà.

Bàbá Ìṣirò:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ma. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kíkọ ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ẹgbẹ́ wa díẹ̀.

Kì í ṣe awo. Ayé díjú, a ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán, a wá ń mú nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, a ń so wọ́n pọ̀: bí èyí bá lọ sókè, ìyẹn á wálẹ̀ ní ìwọ̀n báyìí. Lọ́dún 1949, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Bill Phillips, gbé ẹ̀rọ kan lọ sí yunifásítì London School of Economics, àgbá àti páìpù tí omi ń ṣàn nínú wọn. Omi yẹn ni owó. Àgbá kan dúró fún ìfowópamọ́, páìpù kan dúró fún owó orí. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á fojú rí ibi tí owó ń gbà. Tòde òní ti wọ inú kọ̀ǹpútà, a ò rí páìpù mọ́, àmọ́ páìpù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín.

Ẹ má bá wọn jà lórí ìdáhùn tó jáde. Ohun tí wọ́n dà sínú ẹ̀rọ ni kí ẹ dì mú.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ẹ̀dínwó mélòó ni wọ́n lò. Lójú àwa onímọ̀ ọrọ̀ ajé, 100 ti ọjọ́ iwájú kò tó 100 ti òní. Lọ́dọọdún là ń bù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ká ní ìpalára kan wà tí yóò ná àwọn ọmọ yín ní 100 ní àádọ́ta ọdún sí i. Bí wọ́n bá ń bu ìdá 5 nínú 100 lọ́dún, ìpalára yẹn kò tó 9 nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì tòní. Bí ó bá jẹ́ ìdá 1.4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50. Ìpalára kan náà, ọmọ kan náà! 1.4 yẹn ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Nicholas Stern, lò nínú ìròyìn tó kọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2006 lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà. William Nordhaus, tó padà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018, ta kò ó pé ó kéré jù. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá lè jiyàn lórí iye tí ọmọ ọ̀la jẹ́ lójú wa, kò sí ìdí tí ẹ̀yin ogójì ò fi lè dá sí i. Ẹ ò nílò ìwé ẹ̀rí fún ìyẹn.

Awakọ̀ Àgbà:
Bùrọ̀dá Ìṣirò, kí ni mọ́dẹ́ẹ̀lì yín wí nípa àwa awakọ̀? Bí wọ́n bá ní aago méje ni owó bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà àbọ̀ ni n ó ti wọlé, n ó sì ti sùn sórí sítíárìn títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa.

Bàbá Ìṣirò:
Àgbà, ohun tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Robert Lucas, kọ lọ́dún 1976 lẹ fẹnu sọ yẹn: ìṣesí ènìyàn tí ẹ kà lábẹ́ òfin àtijọ́ kò ní dúró bẹ́ẹ̀ tí òfin bá yí padà. Ó gba Nobel, ẹ lọ béèrè ìpín yín. Màámi, ìbéèrè kejì yín nìyẹn: níbo ni wọ́n ti rí ìṣesí awakọ̀ tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ, ṣé wọ́n bi awakọ̀ kankan?

Olówe Kékeré:
Àǹtí, ẹ gba fáìlì Excel náà, tábìlì ìṣirò inú kọ̀ǹpútà wọn, lọ́wọ́ wọn. Àwòrán ara ògiri kọ́ ni mo wí o, fáìlì gan-an.

Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ju ìdá 90 nínú 100 gbogbo ohun tó ń mú jáde lọ́dún, ọrọ̀ ajé rẹ̀ ń fà sẹ́yìn: ìdàgbàsókè ìdá -0.1 nínú 100 lọ́dún ni wọ́n rí. Àwọn olóṣèlú gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n fi ń ṣàwíjàre bí wọ́n ṣe ń gé ìnáwó. Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Massachusetts, ń fi iṣẹ́ wọn ṣe iṣẹ́ kíláàsì, ìdáhùn rẹ̀ kò bá tiwọn mu. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́. Níbi tó yẹ kí Excel ti ka orílẹ̀-èdè 20, wọn ò fa ilà náà délẹ̀, márùn-ún ti jábọ́ nínú ìṣirò. Lọ́dún 2013, òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, wọ́n dá àwọn ọdún tí wọ́n fò padà, wọ́n yí bí wọ́n ṣe pín ìwọ̀n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, -0.1 sì di 2.2. Àwọn tó ni iṣẹ́ gbà pé àwọn ṣàṣìṣe nínú Excel; wọn ò gbà pé èyí tó kù jẹ́ àṣìṣe. Ibi tí mò ń lọ ni pé ká ní wọn ò fi fáìlì yẹn ránṣẹ́, ta ni ì bá rí i?

Ọmọ Gègé:
Èmi náà ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ yẹn rí. Ohun tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ ni pé a ò béèrè lọ́jọ́ kìíní pé kí ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wa ṣe. Ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ wo Fáránsé. Àwọn tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ya sí ìgboro ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018 nítorí owó orí epo ọkọ̀. Nígbà tó yá, ìjọba fi gègé mú ènìyàn 150 pé kí wọ́n dámọ̀ràn lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, wọ́n jókòó láti oṣù Kẹwàá 2019 títí di oṣù Kẹfà 2020, wọ́n kó àbá 149 jáde. Ààrẹ Macron ti ṣèlérí pé òun ò ní fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ ni òun á gbé e síwájú. Òfin jáde lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ àbá náà ni wọ́n ti bomi là, òmíràn ò sí níbẹ̀ rárá.

Kò-ṣe-é-fipá-ṣe:
Kí ni mo wí?

Ọmọ Gègé:
Sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí màámi ń bá fà yìí gan-an, Stockholm, olú-ìlú Sweden, ti ṣe é. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Keje ọdún 2006 ni wọ́n fi dán an wò. Ńṣe ni àwọn ènìyàn ń bú wọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kọjá ní ẹnu ibi ìsanwó dín kù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Wọ́n wá dá a dúró, kí ojú kálukú lè tún rí ti àtijọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n dìbò nínú oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ará Stockholm ní kó padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú agbègbè tó dìbò tiwọn kọ̀ ọ́. Ó padà wá lọ́dún 2007. Nítorí náà, màámi, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè dán tiyín wò fún oṣù díẹ̀ ná. Ìdánwò ju mọ́dẹ́ẹ̀lì lọ fíìfíì, bí agbára bá gbé e.

Ẹ̀yìnlàárò:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti dé láti ìjókòó kẹta.

Mo béèrè fáìlì. Wọ́n kọ́kọ́ ní ó ti wúwo jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan lára wa ní kí wọ́n fi sínú fíláàṣì, ó ti mú tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i. Ẹ̀dínwó wọn 4 ni, wọ́n sọ ìdí, kò burú lójú mi. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bá ilà kan pàdé: "iye ìṣẹ́jú kan". Mo ní kí lèyí. Wọ́n ní àkókò tí ènìyàn yóò rí fi ṣe nǹkan mìíràn bí ọ̀nà bá já geere ni wọ́n sọ di owó, owó oṣù ẹni náà ni wọ́n sì fi díwọ̀n rẹ̀. Mo ní, àbí ẹ ń sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀gá fi dé ọ́fíìsì kíákíá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tèmi, tí mo dúró ti bọ́ọ̀sì lójú oòrùn? Ọ̀gbẹ́ni náà wo ilà yẹn pẹ́. Ó ní, "Ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì wí nìyẹn, ma." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìṣirò:
Ha! Ẹ ti gbá a mú. Àwọn ibì kan wà tí iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ìṣẹ́jú gbogbo ènìyàn. Kò ní pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n á kàn yí nọ́ńbà ilà yẹn ni.

Ẹ̀yìnlàárò:
Ohun tí a ní kí wọ́n lọ ṣe nìyẹn, ká sì rí ìdáhùn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí a tó dìbò. Wọ́n ti sún ìbò sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti ìdánwò oṣù díẹ̀, wọ́n ní àwọn á bi ọ̀gá wọn. Ọjọ́rú la ó padà wọlé. Bàbá Ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jìnnà sí fóònù yín lọ́jọ́ náà.